Ìwé Ètò Òwò Tí Kò Ní Ìgbẹ̀yìn



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń tọ̀ mí wá lemọ́lemọ́, ní Akúrẹ́ tí mò ń gbé àti ní Oǹdó tí mo ti ń kọ́ni. Báńkì tàbí iléeṣẹ́ ìjọba kan ti ní kí wọ́n lọ kọ ìwé ètò òwò wá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní business plan, kí wọ́n tó lè yá wọn lówó. Wọ́n á ní kí n bá wọn ka ìwé náà nítorí pé mo jẹ́ olùkọ́. Bí mo bá kà á tán, àwọn kan náà á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní kí n bá àwọn fi Ifá wò ó nítorí pé mo jẹ́ babaláwo. Iṣẹ́ méjèèjì ni mò ń ṣe, n kò sì tijú èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe méjèèjì lóde òní ní àbùkù kan náà, àbùkù ọ̀hún sì ń pa òwò àwọn èèyàn wa lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò. Ó máa ń tó ogún ojú-ewé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó ni òwò kò lè kà já. Ọ̀dọ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà lẹ́bàá títì ló sábà máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó ti ní ọ̀kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ló kàn ń pààrọ̀. Mo ti rí ìwé ètò òwò obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Akúrẹ́, tí ojú-ewé kẹsàn-án rẹ̀ ń ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa fún ẹja lóúnjẹ. A jọ rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ owó ló fi ṣe é. Ní ìparí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni tábìlì ọdún márùn-ún máa ń wà: ọdún kìíní, èrè díẹ̀, ọdún kejì, ó lé, ọdún kẹta, ó tún lé. N kò tíì rí ọ̀kan tí èrè ọdún kan ti wálẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wo oníṣòwò kan tó kọ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019. Ní oṣù Ògún ọdún náà gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ wa pa. Bó bá jẹ́ pé ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ló ń tà, ọdún kìíní ti bàjẹ́. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti ọjà, wọ́n ti ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà, owó bébà sì wọ́n bí ojú. Èèyàn ní owó ní báńkì, kò rí i ná. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá sí i ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là. Kí ọdún márùn-ún tó pé, èwo nínú gbogbo èyí ló wà nínú tábìlì?

Ẹnikẹ́ni kò lè rí gbogbo rẹ̀ ṣáájú, n kò sì bá oníṣòwò wí nítorí pé kò rí i. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí ẹnubodè tì ní oṣù Ògún, kò sí ẹni tó padà lọ mú ìwé náà jáde kó sọ pé, "Ó dára, ibi tí a dé rèé, kí ni kí a yí padà?" Ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀ báńkì. Òwò wà lójú ọjà. Wọn kò tún pàdé mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹ̀rí wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n sì ti rí i. Ní ọdún 2011, ní ayé Ààrẹ Goodluck Jonathan, ìjọba àpapọ̀ dá ìdíje ìwé ètò òwò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, YouWiN! ni wọ́n pè é. Àwọn bí 24,000 ló kópa nínú ìpele àkọ́kọ́, àwọn 1,200 ló borí, ẹlòmíràn nínú wọn sì gbà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. David McKenzie, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé, tọ ipasẹ̀ wọn fún ọdún mélòó kan. Owó náà ṣiṣẹ́: òwò tuntun dìde, wọ́n gba òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kógbá sílé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo bu ètò náà kù. Ṣùgbọ́n òun àti Dario Sansone tún bi ìbéèrè mìíràn: máàkì tí àwọn adájọ́ fún ìwé ètò òwò kọ̀ọ̀kan, ṣé ó lè sọ fún wa ẹni tí òwò rẹ̀ yóò gbèrú? Kò lè sọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, máàkì ìwé kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bóyá òwò ṣì wà, iye òṣìṣẹ́ tó ní, iye ọjà tó tà tàbí èrè tó jẹ. Ẹni tó mọ ìwé kọ, ó mọ ìwé kọ ni.

Ní Lomé, olú-ìlú Tógò tí kò jìnnà sí wa, àwọn olùwádìí kan kó àwọn oníṣòwò kéékèèké 1,500 jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa mọ̀, bí a ṣe ń ṣe ìṣirò owó, bí a ṣe ń polówó ọjà, bí a ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn kejì ní bí èèyàn ṣe ń lo àtinúdá: kó máà dúró de ẹni tí yóò rán an níṣẹ́, kó máa wo iwájú, kó máa ro ìdíwọ́ tó lè wà lọ́nà kó tó dé, kó sì máa yẹ ohun tó ṣe wò kó lè tún un ṣe. Àwọn kẹta kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní ọdún 2017. Èrè àwọn tó kọ́ àtinúdá fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ti àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ àtijọ́ lé pẹ̀lú 11, iye tí àwọn onímọ̀ ìṣirò sọ pé kò dájú tó láti gbára lé.

Bí mo bá dúró síbí, inú àwọn kan lára wa yóò dùn, wọ́n á ní òyìnbó fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé ìwé òyìnbó kò wúlò. Ẹ ní sùúrù. Òrùlé tiwa náà ń jò.

Kí ni à ń ṣe fún oníṣòwò tó bá wá sọ́dọ̀ wa? Ó dé, ó ní ọjà kò tà. A dáfá fún un, Odù hù, a kì í, a sọ ẹbọ. Ó rúbọ. A fún un ní ọṣẹ awúre, ó dúpẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ta ló bi í léèrè pé báwo ni ọjà? Bí ọjà bá tà, ó lè padà wá dúpẹ́. Bí kò bá tà, ọ̀dọ̀ babaláwo mìíràn ni yóò gbà lọ, tàbí kó gun orí òkè àdúrà. Awa kì í gbọ́ ìgbẹ̀yìn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà lórí Facebook tí wọ́n ń polówó awúre bí ẹni ń polówó búrẹ́dì, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin tí gbèsè ti mù dé ọrùn, wọn kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iye tó ń ra ọjà àti iye tó ń tà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn.

Àbùkù tí mo ní lọ́kàn nìyẹn. Ìwé báńkì àti awúre, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ṣe wọ́n, nítorí kí ọkàn ẹnì kan lè balẹ̀, a kì í sì í padà sí ìdí wọn láti mọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ní Ifá la ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Ifá fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe tò. N kò ní ki ẹsẹ kankan níbí. Títò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, ti là á yéni nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1976 pé ẹsẹ Ifá tó bá pé máa ń ní ìpín mẹ́jọ. Orúkọ awo ló ń ṣáájú. Orúkọ ẹni tí wọ́n dáfá fún tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ awo. Ìpín kẹrin ni ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ìkarùn-ún sọ bóyá ó ṣe é tàbí ó kọ etí ikún. Ìkẹfà ni ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìkeje sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, ayọ̀ ni tàbí àbámọ̀. Ìkẹjọ sì ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń gbọ́ ọ lónìí.

Mélòó nínú mẹ́jọ yìí ló wà nínú ìwé tí báńkì ń béèrè? Mẹ́rin àkọ́kọ́: ẹni tó bá wọn kọ ọ́, ẹni tó ni òwò, ohun tó ń wá, ohun tó fẹ́ ṣe. Ó dúró síbẹ̀ gbọnin. Awúre tiwa náà dé ìpín karùn-ún, ó rúbọ, ó sì tán. Ibi tí ìmọ̀ wà gan-an, láti ìkẹfà dé ìkẹjọ, a ti gé e sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú onímọ̀ èdè wò ó díẹ̀. Bí ẹ bá tú ìwé ètò òwò sí èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ni ẹ ó máa bá pàdé ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: yóò. Òwò yóò gbèrú, oníbàárà yóò pọ̀, a ó san gbèsè. Nínú ẹsẹ Ifá, ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni òpó tó gbé ilé ró. Wọ́n dáfá fún un, ó gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú, ó sì rí báyìí. Odù 256 tí a ní, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ilé ìkówèésí ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni. Bascom, tó ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, sì kọ ọ́ pé ẹni tó wá dáfá fúnra rẹ̀ ló ń mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu nínú àwọn ẹsẹ tí awo bá kì. Ìyẹn ni pé ó ń gbé ìṣòro rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣòro ẹlòmíràn tí a ti mọ bó ṣe parí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ẹsẹ Ifá kì í gbàgbé orúkọ awo. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bára wọn fà á bóyá èèyàn ni gbogbo àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, n kò fẹ́ wọ inú ìyẹn níbí. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó gbani nímọ̀ràn wà lákọsílẹ̀ títí ayé pẹ̀lú ohun tí ìmọ̀ràn rẹ̀ bí. Ẹ bá mi wá ìwé ètò òwò kan tí ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà ẹ̀bá títì ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ewu. Nínú ìwé báńkì, ìpín ewu wà lẹ́yìn pátápátá, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò sí ẹni tó ń kà. Lójú ọpọ́n, bí Odù bá ti hù báyìí, ohun tí a ń fi ìbò bèèrè ni pé ire ni tàbí ibi. Bó bá jẹ́ ibi, a ó bèèrè irú ibi tó jẹ́. Òfò wà lára wọn. Kí a tó sọ̀rọ̀ èrè rárá ni a ti bèèrè òfò.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ta ló sọ pé oṣù àti ọdún ni ó yẹ kí a fi máa wọn òwò wa? Ọjọ́ ọjà ni àwọn baba àti ìyá wa ń kà: ọrún, ìsán, ìtàdógún. Nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ọrún jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nínú ìṣirò òyìnbó, ìsán jẹ́ mẹ́jọ, ìtàdógún jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Orí ìṣirò yìí ni èsúsú àti ìpàdé ẹgbẹ́ dúró lé, èsúsú tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, tó sì bá àwọn èèyàn wa sọdá òkun dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu dòní. Ẹni tó bá wà nínú èsúsú mọ ọjọ́ tí owó yóò kàn án, ó sì ti mọ ọjà tí yóò fi rà. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láwìn náà mọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Ètò ni gbogbo èyí, ètò tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ wà nínú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìlú gbogbo ló ní kàlẹ́ńdà kan náà. Ẹ mú Akúrẹ́ àti Oǹdó tí wákàtí kan péré wà láàárín wọn nínú mọ́tò. Akúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti ọdún 1976, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gbé ọjà rẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ tàbí ẹran níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọdún 2016 tí owó oṣù kò jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni ebi pa. Oǹdó ní tirẹ̀, ọjà kòkó ni. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí ọdún tuntun yóò fi wọlé, owó wà nílùú. Bí òjò bá ti dé, àwìn ni gbogbo ilé ìtajà ń tà, wọ́n ń retí kòkó. Iye kòkó náà kò sì dúró sójú kan: ó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ní ọdún 2024, ó sì já wálẹ̀ gidigidi ní 2025. Ètò òwò tó bá Akúrẹ́ mu kò lè bá Oǹdó mu. Fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n sì ń fún àwọn méjèèjì.

Ibi tí ó ti ń dun èèyàn jù nìyí. Ìyá kan ní Oǹdó ya owó ní oṣù Òkúdù láti kó ọjà sílé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ní kó máa san án padà, láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Owó àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì lè wọlé títí oṣù Ọ̀wàrà. Kí ni yóò ṣe? Yóò lọ yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní gbọ́múlélántà nìyẹn, orúkọ náà kò sì nílò àlàyé fún ẹni tí iná àtùpà ti kàn lára rí. Òwò rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Kàlẹ́ńdà gbèsè ni kò bá kàlẹ́ńdà òwò mu, kò sì sí ẹnikẹ́ni, báńkì tàbí babaláwo, tó bi í ní ìbéèrè yẹn kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Kí a má sì ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ mọ́ tónítóní: ìwọ̀fà wà. Ẹni tó yáwó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dógò, iṣẹ́ ọwọ́ onítọ̀hún ni èlé, ó ń sìn lójoojúmọ́, ojú owó kò dín.

Ohun tí mo ti ń ní kí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ṣe kò le. Kí wọ́n ra ìwé kan irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò, kí wọ́n máa kọ ojú-ewé kan ní ìtàdógún kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá, ní ohùn ìlú wọn bó bá wù wọ́n. Kí wọ́n tẹ̀lé ìpín ẹsẹ. Ta ló gbà mí nímọ̀ràn? Kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ì báà ṣe èmi. Kí ni mò ń wá ní ìtàdógún yìí? Kí ni mo ní mo máa ṣe, kí ni yóò sì kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó lè ṣe é? Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí kò sí ẹni tó ń rúbọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fúyẹ́. Bí ìtàdógún bá pé, kí wọ́n padà sí ojú-ewé kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ bóyá wọ́n ṣe é, kí wọ́n kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, kí wọ́n sì kọ bó ṣe rí lára wọn. Àyè ẹ̀kọ́, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo títí ìtàdógún mẹ́ta yóò fi kọjá. A máa ń yára kọ́gbọ́n jù.

Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Oǹdó gbà láti ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá ni pé iye ìyẹ̀fun ń gòkè, ó sì fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun tuntun. Ní ìtàdógún àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé òun kò ní fún ilé ìtajà mẹ́ta ní búrẹ́dì láwìn mọ́. Nígbà tó padà sí i, ó kọ ọ́ pé méjì ni òun dá dúró. Òun kò lè dá ìkẹta dúró nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, mo sì yìn ín, nítorí pé kò sí fọ́ọ̀mù báńkì kankan tó ní àyè fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ní ìtàdógún karùn-ún, ó ti hàn kedere nínú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ pé kì í ṣe ìdí ààrò ni owó òun ti ń jò, ilé ìtajà kan yẹn ni. Kò yá owó ẹ̀rọ mọ́. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ tí yóò máa san owó láàárín ara wọn. Ó rúbọ pẹ̀lú. Ifá ní kó rúbọ. Ẹbọ àti ìwé kò bára wọn jà nílé rẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ: pé mo ti sọ Ifá di ìṣirò owó, pé mo ti sọ ẹbọ di ọ̀nà àtidín ìnáwó kù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹbọ ni ẹbọ, Èṣù ló ń gbé e dé ibi tó yẹ kó dé, ọwọ́ mi kò sì tó ìyẹn láti yí padà. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìwà àwa tí a ń dáfá. Ẹni tí kò bá bèèrè ìgbẹ̀yìn ẹbọ tó sọ, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbọ́ Ifá dáadáa? Àwọn ọ̀dọ́ náà yóò ní báńkì yóò ṣì béèrè ogún ojú-ewé. Ẹ kọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ owó ńlá lọ́wọ́ Bank of Industry kò lè gbé ìwé ọmọ iléèwé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ láti inú ìwé ìtàdógún tiyín, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà tí ẹ̀ ń tà, kí ẹja má bàa jẹun nínú ìwé aláṣọ.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kéré. Kí babaláwo kọ̀ọ̀kan tó bá dáfá fún oníṣòwò dá ọjọ́ tí onítọ̀hún yóò padà wá sọ bó ṣe rí, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ní Oǹdó, a ní ohun tí ìlú mìíràn kò ní: Lóbùn, ọba obìnrin, tí ọjà wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti ọdún Ajé tí àwọn obìnrin ń ṣe, tí òun ń ṣáájú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Olúpọ̀nà ti kọ nípa ọdún yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Oǹdó tó jáde ní 1991. À ń lọ síbẹ̀, à ń jó, à ń ya fọ́tò. N kò rí ìdí tí àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́ wa kò fi lè mú ìwé ìtàdógún ọdún kan wá síwájú ara wọn ní àsìkò ọdún Ajé, kí wọ́n kà á sí etígbọ̀ọ́ ara wọn, kí àwọn tó wà nínú òwò kan náà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá tiwọn mu.

Àwa tí a wà ní Akúrẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàdógún àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá bọ Ifá tán ní òwúrọ̀. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ mú ìwé tí kò tíì kọ nǹkan kan sí wá, kó sì ti ka iye owó òwò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an kó tó kúrò nílé.